Iná Wà Nísàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni ìyá mi kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo dúró nídìí tábìlì, mo ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

“Iná wà nísàlẹ̀ o.”

Àyà mi já. Mo gbé áyọ́ọ̀nù ọwọ́ mi nàró, mo yọ okùn rẹ̀ lára ògiri, mo sáré yẹ àwọn mẹ́ta yòókù wò. Tútù ni wọ́n. Mo lọ sẹ́yìn, mo wo ìkòkò ńlá tí mo fi ń se omi aṣọ funfun, mo wo ibi tí mo ń kó aṣọ gbígbẹ sí, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀, mo ń gbóòórùn abẹ́ tábìlì bí ajá ọdẹ. Kò sí iná níbì kankan. Kò sí èéfín.

“Mama, kò sí iná níbí o.”

Mo gbọ́ bí ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ padà sí yàrá rẹ̀.

Ẹ má rò pé ojo ni mí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kóòtù funfun ọkọ ìyàwó kan, mo jáde lọ ra ọṣẹ. Kí n tó padà dé, kóòtù ti jó, tábìlì ti jó, iná ti mú kọ́tìnì ojú fèrèsé, ó ń gùn ún lọ sókè níbi tí ìyá mi jókòó sí. Àwọn ará àdúgbò ló bá mi pa á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà fẹ́ràn láti máa fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ iná, ẹsẹ̀ mi a ti gbéra kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ilé wa kò tóbi. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń fọṣọ tí mo ti ń lọ̀ ọ́, òkè ni yàrá méjì tí èmi àti ìyá mi ń gbé. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi iṣẹ́ mi, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ síbẹ̀ láti òkè gbọ́dọ̀ gba iwájú àwọn oníbàárà kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi kò fi í sọ́kàn, ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wà.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni ìyá mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti òwú, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ìlà ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ó pariwo. Síbẹ̀, n kò gbọ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohunkóhun tó wà láàárín ìdodo àti orúnkún rí. Bí inú bá ń run wá nígbà tí a wà ní kékeré, yóò ní, “Ṣé o ti lọ síta?” Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù, ó kàn gbé aṣọ mímọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní àlejò ti dé, ó sì jáde nínú yàrá. Mo ń retí ẹni tó ń bọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo yẹ gbogbo ilé wò. Oníbàárà kan tó wá kó kọ́tìnì rẹ̀ ní, “Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ẹ ò kúkú kó lọ sínú odò kí ẹ sinmi.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Nígbà tó lọ tán, mo gòkè lọ bá ìyá mi. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀ pinpin.

“Mama, iná wo lẹ rí?”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀ ni. Kò sí nǹkan kan.”

Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí ìṣirò kò yé. “Ó ń jó,” ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ògiri. “Fi í sílẹ̀. Yóò kú fúnra rẹ̀.”

Iná tí kò sí, tí yóò kú fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mìíràn ti bà mí. Ìgbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù ni mo ń bẹ̀rù mọ́. Ìyá mi ni mo ń bẹ̀rù.

Lọ́jọ́rú, ó wọ bùláòsì rẹ̀ lódì, ó sì bi mí pé níbo ni bàtà bàbá mi wà, pé bàbá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Mo ní, “Mama, Baba ti sinmi.” Ó ní, “Ó sinmi kẹ̀? Lọ́jọ́ iṣẹ́?” Nígbà mìíràn, à bá jọ fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, mo kàn yí bùláòsì náà padà fún un, mo dè é ní bọ́tìnnì. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ, ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ bí ó ti ń rí bó bá jẹ́ ìyá ẹni ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù. Akọ̀wé ni à ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀, àní iye ìgbà tí ó sín lóòjọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ tí bírò rẹ̀ ń họ ìwé.

“Orí Mama ti ń dàrú nìyẹn,” ni ó wí. “Ogbó ni. Ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo ti gba fọ́ọ̀mù wọn láti ọjọ́ tó pẹ́. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá wá mú un lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa kì í ṣe aṣọ tí à ń gbé fún alágbàfọ̀.”

“Ìwọ lo sọ pé ó ń rí iná. Tó bá lọ dáná sí ilé gan-an ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé ti kóòtù ni?”

N kò gbàgbé. Mo pa fóònù. Ó yẹ kí n gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n mo wò ó gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti máa fi ìwé ẹ̀rí lé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí, ni mo bá kọ̀. Mo ní bí n kò bá mú un lọ, kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi kí ẹ lè mọ bí ìwà òmùgọ̀ mi ti tó. Aṣọ kì í purọ́ fún alágbàfọ̀. Mo mọ ọkọ tó ń mutí tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Mo mọ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ṣì ń tọ̀ sílé. Mo máa ń mọ aláìsàn lára aṣọ ibùsùn rẹ̀, nítorí òógùn ibà ní òórùn tirẹ̀, egbò ní tirẹ̀, ìtọ̀ tí kò dára náà ní tirẹ̀. Imú mi yìí ni mo fi ń jẹun. Ìyá mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn kan náà, mo rí aṣọ ibùsùn rẹ̀ lórí irin fèrèsé. Ó ti fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú báàfù tí ó fi ń wẹ̀, kò sì lágbára láti fún un, omi ń kán tó-tó-tó sílẹ̀.

“Mama, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?”

“Omi ló dà sí i.”

Ife omi tí mo gbé fún un láàárọ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí mo ṣe bù ú ló ṣe kún. Mo rí ife, mo rí aṣọ, n kò sì so wọ́n pọ̀. Mo gbé aṣọ náà sọ̀ kalẹ̀, mo tún un fọ̀, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi dán. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ẹ̀rí tó kù rẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí èmi ni mo máa ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó wá kó aṣọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ń ka bọ́tìnnì wọn níkọ̀ọ̀kan, nítorí mo ti sọ ọ̀kan nù fún un rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi yọ lórí àtẹ̀gùn. Oòrùn ọ̀sán mú, gbogbo wa ń làágùn, ṣùgbọ́n aṣọ òtútù méjì ló dà bo ara rẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn.

“Iná wà nísàlẹ̀,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń rí iná tí kò sí.”

Nọ́ọ̀sì kò wo ojú mi. Ó gbé aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè.

“Ìsàlẹ̀ wo, Mama?”

Mo ti bi í pé iná wo. Mo ti bi í pé níbo ni èéfín wà, mo sì ti bi í pé ta ló dá a. N kò bi í pé ìsàlẹ̀ wo, nítorí ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, ìyẹn ìsàlẹ̀ tèmi, tó jóná lọ́jọ́sí.

Ìyá mi di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú. Ó wo Nọ́ọ̀sì, ó wò mí, ó tún wo Nọ́ọ̀sì. Ó wá rọra gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìdodo rẹ̀, ó sì dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Ìsàlẹ̀ ara mi,” ni ó wí. “Bí mo bá ti fẹ́ lọ síta.”

Nọ́ọ̀sì gòkè, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Mo dúró nídìí àtẹ̀gùn, mo di ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni mú mọ́ àyà títí gbogbo ohun tí mo ti lọ̀ níbẹ̀ fi rún. Nígbà tó jáde, ó ti ń sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

“Láti ìgbà wo ni kò ti mu omi dáadáa?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí egungun ìhà parí sí, ńṣe ló fò sókè. Ó ní ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí ìtọ̀ ti ń ta òun bí ata. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà, bó bá sì tọ̀ ọ́, ẹ̀kán mélòó kan ni. Ẹ pe táksì.”

“Ṣé a ò lè dúró dọ̀la? Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan fún un lò ná.”

“Kí lẹ fẹ́ wá?” Ó yọ okùn áyọ́ọ̀nù mi lára ògiri, ó wé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èyí kì í ṣe wèrè. Kòkòrò ló wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, ó sì ti ń gùn ún lọ sókè. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ọ̀la ti pẹ́ jù.”

Nínú táksì, orí rẹ̀ wà léjìká mi, ara rẹ̀ ń jó mi láti inú aṣọ méjèèjì. Ó ń gbọ̀n. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti kú kí wọ́n tó bí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́.”

Mo ní, “Kí ni kó má gbọ́?”

Ó fi ẹnu sí etí mi. “Pé mo ní àtọ̀sí.”

Àwa tí a gbọ́ èdè yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń fà lẹ́yìn. Àìsàn àgbèrè ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí ìtọ̀ bá ń ta, ó ti lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Opó ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin bá òun gbé báàgì. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó wá orúkọ tí yóò pè é, orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Ó mọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó mọ́ tónítóní, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ké sí mi fún odindi ọjọ́ mẹ́rin, èmi sì ń gbóòórùn abẹ́ tábìlì.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré. Ó rí dúdú, ó sì rú bí omi tí a fi ṣan aṣọ awakọ̀, òórùn rẹ̀ sì ni mo mọ̀ dáadáa lára aṣọ àwọn ẹlòmíràn. Dókítà obìnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀ ní kí n wá gbogbo oògùn tó ń lò. Nínú báàgì rẹ̀, mo rí kápúsù mẹ́rin tí ó wé sínú áńkáṣíìfù. Tèmi ni. Èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí eyín ń dùn mí lọ́dún tó kọjá ni, méje ni mo sì fi pa mọ́.

“Mẹ́ta ló lò nínú rẹ̀,” ni mo wí.

“Ó lo mẹ́ta, ó rí i pé ó dẹ̀ díẹ̀, ó dáwọ́ dúró,” ni Dókítà wí. “Mẹ́ta yẹn ò pa kòkòrò kankan, ọgbọ́n ló kọ́ wọn. Kíndìnrín rẹ̀ ni wọ́n wà báyìí. À ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti dé ibẹ̀.”

“Orí rẹ̀ tó dàrú ńkọ́?”

“Lára ẹ̀ náà ni. Àgbàlagbà lè má sọ pé ó ń dun òun, orí ni yóò ti hàn. Tí ọ̀rọ̀ arúgbó bá dàrú láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ má sáré pè é ní ogbó. Ogbó kì í yára bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n da oògùn apakòkòrò sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò lajú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé, wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n sì ń jáde. Nígbà kan, mẹ́ta wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń fetí sí i bóyá màá gbọ́ kí ẹnì kan sáré. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé bí wọ́n ti ń gbàdúrà. “Ẹ má lọ, ẹ má lọ” nìkan ni mo ń wí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan. Oníbàárà mẹ́rin ló wà ní ìjókòó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní, “Mama, ṣé wọ́n ti gbà yín síṣẹ́ níbẹ̀ ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra gun àtẹ̀gùn rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti mu omi mọ́ títí àwọn oníbàárà yóò fi lọ, bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n ọ́n, yóò mú un mọ́ra di ìrọ̀lẹ́. Mo ti rò pé orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún tí kò fi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè fọ́ sára ènìyàn báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bó ti wí. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìdajì rẹ̀. Ó rí ìyá wa, ó jókòó sí etí ibùsùn. Mo sọ ohun tí Dókítà wí fún un, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un pẹ̀lú, nítorí n kò lè dá a gbé. Kò bá mi wí. Ìbá sàn kó bá mi wí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ìyá mi lajú. Ó wo àjà, ó wo ìgò omi tó rọ̀ sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ló wò mí pẹ́. Bí ó bá tún pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

“Ìyá Áyọ́ọ̀nù,” ni ó wí, “ṣé o yọ okùn yẹn lára ògiri?”

Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń bi mí ní ìbéèrè náà bí mo bá fẹ́ jáde nílé, ọdún mẹ́ta ni inú sì ti ń bí mi sí i. Mo gbé ojú lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ní, “Wọ́n ti yọ ọ́, Mama.” Ẹ̀gbọ́n mi ń wá áńkáṣíìfù, kò rí, ó fi fọ́ọ̀mù nu ojú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń lọ sílé, Nọ́ọ̀sì wá bá wa, ó sì sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì láìṣẹ́jú. Ó ní kí Mama lo oògùn náà tán, bí ara bá yá a lọ́la pàápàá. Kí ó máa mu omi, kí ó má sì mú ìtọ̀ mọ́ra nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá lọ síta tán, kí ó máa nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ó má fa ìdọ̀tí ẹ̀yìn wá síwájú. Ìyá mi wo ilẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó wá ní, “Ṣé kì í wá ṣe ti... ọ̀rọ̀ yẹn?”

“Kì í ṣe àtọ̀sí, Mama. Ọmọ tí kò tíì rìn lè ní i. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ara ẹni ló sábà máa ń fà á, obìnrin ló sì máa ń mú jù, nítorí ọ̀nà tiwa kúrú.”

Mo ra àga oníhò tó ní ike lábẹ́, mo gbé e sí yàrá rẹ̀ lókè. Mo ta kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ mi kí ẹni tó bá ń lọ sẹ́yìn má bàa kọjá lójú oníbàárà. N kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, àwọn oníbàárà sì ní mo ti le jù. Bí ó bá pè mí láti òkè, ohunkóhun tó wù kó jẹ́, àyà mi a máa já, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá náà a sì di mẹ́rin.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé ìwé fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn ọmọ sì kún ilẹ̀ dé ìbàdí mi. Ẹni tó ń lo áyọ́ọ̀nù tí iná rẹ̀ ti mú un rí kì í fi í sílẹ̀ lọ tọ̀. Mo ń mú un mọ́ra láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, n kì í sì í mu omi kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ta mí bí ìgbà tí a fi ata sí ojú egbò. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo di ògiri mú, mo sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, fún ọjọ́ méjì, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí kò lọ́kọ nílé ni èmi náà.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró ní iwájú tábìlì mi. Ife omi tó gbé fún mi láàárọ̀ wà níbẹ̀.

“Ife rẹ kún,” ni ó wí.

“Mama, iṣẹ́ ló pọ̀.”

“Yọ okùn yẹn. Ó yá, ká lọ.”

Ènìyàn pọ̀ ní ìjókòó ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, méjì nínú wọn sì jẹ́ oníbàárà mi. Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ gbé ojú sókè láti ara ìwé ńlá rẹ̀.

“Kí ló ń ṣe yín, Mà?”

Mo la ẹnu. Mo ti pinnu ohun tí màá sọ lójú ọ̀nà. Ohun tó jáde ni, “Nísàlẹ̀ ni.”

“Ìsàlẹ̀ wo, Mà?”

Gbogbo ìjókòó dákẹ́, tàbí kó jẹ́ pé etí mi ló dákẹ́. Oníbàárà tó ni kọ́tìnì ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, kò sì ṣe é tu síta.

Ìyá mi fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

“Ìtọ̀ ló ń ta á,” ni ó wí, ní ohùn tí ó fi ń kọ́ni ní abẹ́rẹ́ àti òwú, èyí tó máa ń dé ìlà ẹ̀yìn. “Ìtọ̀. Bó bá ń tọ̀, ó ń jó o. Ó ṣe èmi náà rí, mi ò sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Ìyá mi mú mi lọ́wọ́, a jọ wá àyè jókòó láàárín àwọn tó ń wò wá. Ìgbà tí èjìká rẹ̀ kan tèmi ni mo mọ̀ pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.